Ọdún Tí Bàbá Mi Fi Ń Fọ Irun Mi

Ṣáájú ọdún yẹn, mi ò mọ̀ pé ohun tí ìdí irun ń fẹ́ yàtọ̀ sí ohun tí ṣóńṣó rẹ̀ ń fẹ́. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé irun mi gùn, pé ó ń dùn mí bí wọ́n bá ń yà á, àti pé ìyá mi ló ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mowé ni ilé wa wà, ní àdúgbò kan tí ọ̀nà rẹ̀ kò tíì dára, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá dúró sẹ́yìn ilé, yóò máa gbọ́ fèrè àwọn tírélà láti títì márosẹ̀. Ilé náà kò tíì parí nígbà tí a kó wọ inú rẹ̀. Yàrá méjì péré ló ní fèrèsé tó ṣeé tì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ ní Ìkẹjà, níbi tí bàbá mi ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí kò tíì gbéyàwó, ti ilẹ̀kùn pa. Kò tó oṣù kan sí i ni ìyá mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Ìbàfò tẹ́lẹ̀, rí iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Èkó. Iṣẹ́ náà dára ju iṣẹ́ tíṣà lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í fún un láyè ní Sátidé. Bí ilé wa ṣe yí padà nìyẹn: ìyá ló ń lọ, bàbá ló ń dúró.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni ìyá mi ń jáde. Orí ibùsùn ni mo ti ń fi etí tẹ̀lé e: omi tó ń dà sínú garawa, ilẹ̀kùn balùwẹ̀ tó máa ń há, bàtà rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, lẹ́yìn náà irin géètì tí bàbá mi yóò rọra fà kí ó má bàa pariwo, tí yóò sì pariwo náà. Bàbá mi yóò padà wọlé, ṣùgbọ́n kì í sùn mọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, òun ni yóò po ògì, òun ni yóò gbé ẹ̀wà kaná, òun ni yóò wá ẹsẹ̀ bàtà mi kan tó sọnù. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kókó kún inú ògì rẹ̀, mo sì mu ún láìsọ̀rọ̀ nítorí mo rí i pé ó ń wo ẹnu mi. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ ọ́n pò. Bàbá mi kì í ṣe ẹni tí iṣẹ́ ń bí nínú. Àìríṣẹ́ṣe ló ń bí i nínú. Ó fọ gbogbo fèrèsé, ó ń gbá àyíká ilé lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ó to àwọn ìgò òfìfo sẹ́yìn ilé bí wọ́n ṣe ga sí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, yóò wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dára, yóò kó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sínú àpò, yóò sì lọ bèèrè iṣẹ́ ní Ìbàfò àti Arepo. Ìrọ̀lẹ́ ni yóò dé, yóò bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà, yóò sì gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí ìyá mi lọ síbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó rántí irun mi títí di ọ̀sán. Ní ilé ìwé wa, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní irun tirẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sára pátákó: ọ̀sẹ̀ yìí ṣùkú, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀sì, èyí tó tẹ̀lé e pàtẹ́wọ́. Ìyá Sikírù, aládùúgbò wa tó ń dirun fún àwọn ọmọ àdúgbò níwájú ilé rẹ̀, ló ń di tèmi, ṣùgbọ́n kì í gba orí tí wọn kò bá fọ̀ wá láti ilé. Nítorí náà bàbá mi gbé àpótí ìjókòó sẹ́yìn ilé, ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó ní kí n jókòó. Ó tú irun náà, ó kó gbogbo rẹ̀ jọ sí àárín orí mi, ó fi ọṣẹ sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì gbo ó bí ẹni ń fọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì. Mo ké. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, Fúnmi, ó ti fẹ́ẹ̀ tán," bẹ́ẹ̀ ni kò tíì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa ṣàn án, irun náà ti lọ́ mọ́ra, ó ti so kókó. Ó mú òòyà, ó tì í bọ ìdí irun gan-an, ó sì fà á wá sísàlẹ̀. Ó ṣa èyí tó já sínú òòyà náà jọ, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì fi sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Bóyá ojú ló ń tì í láti jù ú nù lójú mi.

Ìyá Sikírù kò tíì ya ìlà kejì tó fi dáwọ́ dúró. "Ta ló fọ orí ọmọ yìí?" Mo ní dádì mi ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ìlarun fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí bàbá mi bá ń kọjá, ohun tó ń pè é ni Bàbá Onídìrí, bàbá mi yóò sì dá a lóhùn pé, "Ẹ kúuṣẹ́ o, ẹlẹgbẹ́ mi." Àwàdà ni, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ ló ń sọ òdodo fún mi, bó ṣe ń fi orí mi sáàárín orúnkún rẹ̀: "Irun yìí ń já lọ́wọ́ mi o. Wo ilẹ̀." Mo wolẹ̀. Irun kéékèèké ló kún orí sìmẹ́ńtì, kì í ṣe gígùn, ṣóńṣó ṣóńṣó ni.

Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ nígbà náà, omi kanga wa sì ti lọ sílẹ̀, ó pupa, ó nípọn. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ìsàlẹ̀ irun mi, níbi ṣóńṣó, ti gbẹ háúháú. Bàbá mi fi sáàárín ìka rẹ̀, ó yí i, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe máa ń yẹ rédíò tó bàjẹ́ wò. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé òun mọ ohun tó ń ṣe é. Níbi iṣẹ́ wọn, òwú tí wọ́n bá fẹ́ ta sórí ẹ̀rọ, wọ́n á kọ́kọ́ tì í bọ omi ẹ̀kọ gbígbóná; ẹ̀kọ náà á bò ó lára, kò ní tú, kò ní já. Ó lọ sí ilé ìdáná, ó ro ẹ̀kọ tó ṣàn bí omi, ó jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ti ṣóńṣó irun mi bọ inú rẹ̀ ní ìdì kọ̀ọ̀kan. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ó ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lú ìgboyà, ó sì pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kó sọ̀rọ̀ gígùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tó gbẹ, irun náà le gbandi bí ìgbálẹ̀, mo sì lọ sùn bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ Sátidé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ìyá mi wá jí mi fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì bá èèrà lórí ìrọ̀rí mi. Wọ́n tò láti ẹsẹ̀ ògiri wá, wọ́n gun ibùsùn, wọ́n sì wọ inú irun mi lọ. Kò pariwo. Ó gbọ̀n wọ́n dànù, ó mú ṣóńṣó irun kan, ó ṣẹ́ ẹ, ó sì dún.

"Bàbá Fúnmi, kí lẹ fi sórí ọmọ yìí?"

Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀kọ ni. Mo rò ó kó fẹ́lẹ́."

"Ẹ̀kọ."

"Bí a ṣe ń ṣe é fún òwú nìyẹn."

"Irun ọmọ kì í ṣe òwú ilé iṣẹ́ yín," ni ìyá mi wí. "Ilé iṣẹ́ yẹn gan-an kò sí mọ́."

Kò gbé ohùn sókè sọ ọ́, kò sì pinnu láti fi ọ̀rọ̀ náà gún un. Ó rẹ̀ ẹ́ ni, oorun wákàtí mẹ́rin péré ló sì ń sùn lóòjọ́. Ṣùgbọ́n mo rí ojú bàbá mi. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi fọ ẹ̀kọ náà kúrò, kíákíá, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì ti fẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀: tí irun yìí bá ṣì ń já báyìí títí ọlidé gígùn á fi parí, òun á mú mi lọ sọ́dọ̀ bábà, wọn á gé e sílẹ̀ pátápátá, kálukú á sì sinmi. Òun ò lè ti Èkó dé kí òun tún máa ṣọ̀fọ̀ irun. Bàbá mi ní, "Fi sílẹ̀ fún mi." Ìyá mi ní, "Ẹ ti gbọ́ ohun tí mo wí."

Mo sunkún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ ìṣirò, mi ò lè sáré, ohùn mi kò dùn nínú ẹgbẹ́ akọrin àwọn ọmọdé. Irun mi nìkan ni ohun tí àwọn ẹlòmíràn fi ń yìn mí. Mo rò pé èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Nísinsìnyí tí mo ti dàgbà ju bí bàbá mi ṣe rí lọ́dún náà, mo mọ̀ pé tirẹ̀ wúwo ju tèmi lọ. Gbogbo ohun yòókù tó ń ṣe nínú ilé, bó ṣe é dáadáa, bó ṣe é kò dáa, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Irun mi nìkan ni iṣẹ́ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tí ẹnìkan ń yẹ̀ wò, tí wọ́n sì ti dá ọjọ́ fún. Bí wọ́n bá gé e, wọ́n ti tún lé e kúrò níbi iṣẹ́ nìyẹn.

Nígbà ọlidé Àjíǹde, ó mú mi lọ sí Ìfọ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́ta la wọ̀. Màmá Ìfọ̀ ni gbogbo wa ń pè é, arúgbó tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí irun orí rẹ̀ funfun báláú, tó sì gùn dé èjìká rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti mú tèmi. Kò béèrè ìdí tí a fi wá. Ó fún wa lóúnjẹ, ó bèèrè ìyá mi, ó wá fi ọwọ́ kan orí mi. "Ta ló ń na ọmọ yìí lórí?" Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ tán, ó jókòó sórí ẹní bí ọmọ ilé ìwé, ó sì ròyìn ohun gbogbo, títí kan ẹ̀kọ. Mo rò pé ìyá àgbà náà yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀kọ kò burú tó ọṣẹ, pé ọṣẹ tí bàbá mi ń gbo mọ́ ìsàlẹ̀ irun ni ọ̀tá wa.

"Ìdí ló ń dọ̀tí," ó wí. "Ìdí ló ń làágùn, ìdí ni eruku ń wọ̀. Kí ni ṣóńṣó jí kó, tí o fi ń lù ú?"

"Mo rò pé gbogbo rẹ̀ ni à á fọ̀, Màámi."

"Mú ọwọ́ rẹ wá." Ó fi ìka bàbá mi méjì di ìsàlẹ̀ irun mi mú. "Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí, ìgbà tí ọmọ yìí ń kọ́ ìrìn ló ti wà lórí rẹ̀. Òun ló dàgbà jù níbẹ̀. Bí o ṣe ń ṣe èmi ni kí o ṣe é."

Ọjọ́ mẹ́ta la lò ní Ìfọ̀, ìfọrun la sì lò wọ́n fún. Ní alẹ́, Màmá á yọ́ òrí mọ́ àdín àgbọn nínú àtẹ́lẹwọ́, á fi pa ìsàlẹ̀ irun nìkan, á jẹ́ kó sùn bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kò ní tú gbogbo irun sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Á pín in sí ọ̀nà mẹ́fà, á lọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ́ọ́rọ́wọ́, á fi okùn aṣọ so ó kó má bàa lọ́ mọ́ èkejì. Ó ti bu ọṣẹ dúdú díẹ̀ sínú omi, ó ti pò ó títí ó fi di ìfófòó. Ìfófòó náà ni á fi orí ìka tẹ̀ mọ́ awọ orí, láàárín ìlà àti ìlà, kì í ṣe èékánná. Lẹ́yìn náà, á da omi láti òkè, á jẹ́ kó ṣàn lọ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tó bá ṣàn kọjá lára ṣóńṣó ti tó fún un. Kì í kó irun jọ sókè, kì í fi aṣọ ìnura nù ún. Ògbólógbòó ìró tó ti rọ̀ ló fi ń tẹ omi kúrò, díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá fẹ́ yà á, ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á sì máa gòkè lọ. Bàbá mi ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lójú rẹ̀. Nígbàkígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá jù, Màmá á fi ẹ̀yìn òòyà gbá a lọ́wọ́, bàbá mi, ọkùnrin tó ti ní irùngbọ̀n, á sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màámi."

A padà sí Mowé pẹ̀lú ìgò àdín méjì. Bàbá mi ń ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, láìyọ ohunkóhun kúrò. Irun náà kò lọ́ mọ́ra mọ́, mi ò sì ké mọ́. Mo máa ń sùn lọ lórí àpótí nígbà míràn, pẹ̀lú ìró okùn kanga ní etí mi àti ìró iná tí Ìyá Sikírù ń dá lẹ́yìn ògiri. Òun náà jẹ́wọ́ pé ọwọ́ bàbá mi ti ń rọ̀. Síbẹ̀ ní oṣù kan, ní oṣù méjì, ìsàlẹ̀ irun náà ṣì ń gbẹ. Kò burú bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń já. Ní ọjọọjọ́ Ìsinmi, ìyá mi á ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ ṣáájú ṣọ́ọ̀ṣì, á ní, "Hmm," á sì gba ibòmíràn lọ. Bàbá mi á dúró sí tòsí, á máa ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan.

Ohun tó gba wá sílẹ̀ ni pé kò lè yé ronú bí òṣìṣẹ́ òwú. Ìyá mi ti bà á lọ́kàn jẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, kò sì sọ ọ́ síta mọ́, ṣùgbọ́n ìwà náà kò kúrò lára rẹ̀. Ní Sátidé kan, ó gé òwú dúdú méjì, ó rẹ ọ̀kan sínú omi kanga tí a fi ń ṣe ohun gbogbo, ó rẹ èkejì sínú omi òjò. Ó sá méjèèjì sórí okùn. Nígbà tí wọ́n gbẹ, ó ní kí n di ojú mi, ó fi ọ̀kan sí ọwọ́ ọ̀tún mi, ó fi èkejì sí tòsì. Kò sí ìdí láti wò wọ́n rárá. Ti ọ̀tún, ti omi òjò, rọ̀. Ti òsì, ti omi kanga, gan, ó ń ha ìka mi. Bàbá mi jókòó sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ó ní, "Alọ́ọ̀mù ni."

Gbogbo ilé tó ní kanga ní àdúgbò wa ló ń lo alọ́ọ̀mù, òkúta funfun tí a máa ń rò pọ̀ mọ́ omi kí ẹrẹ̀ inú rẹ̀ lè rọ̀ sílẹ̀ kí omi sì mọ́. Ìyá mi ló ń rò ó sínú dírọ́ọ̀mù wa. Bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó nígbà tó bá dé, kì í wọlé sùn láìṣe é, kí a lè bá omi mímọ́ ní àárọ̀. Nítorí pé kò fẹ́ kí a jìyà nílé lẹ́yìn òun, kì í fi ọwọ́ kéré bù ú. Omi náà mọ́ gaara, a fi ń wẹ̀, a fi ń fọ abọ́, bàbá mi sì fi ń fọ irun mi, ó ń fi òrí pa á, omi ń gbà á kúrò. Ní ibi iṣẹ́ wọn, ó ní, wọn kì í jẹ́ kí alọ́ọ̀mù dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ kí òwú rọ̀. Ó ń rí i ní gbogbo ọjọ́ fún ọdún púpọ̀, kò sì wá sí i lọ́kàn.

Omi òjò wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti gbogbo ayé. Dírọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀, ìdérí rẹ̀ sì ní òkúta lórí. Ìyá mi ló ni ín. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni wọ́n ń wọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wọn, omi kanga máa ń sọ ọ́ di pípọ́n, ọ̀gá wọn sì ti bá a sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ rí. A ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan omi náà. Bàbá mi gbé òkúta kúrò, ó bu garawa kan, ó gbé òkúta padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí ìyá mi tó kíyè sí i.

"Ta ló ń bu omi òjò mi?"

"Èmi ni," bàbá mi dáhùn. "Irun Fúnmi ni mo fi ń fọ̀."

"Omi kanga ńkọ́? Ṣé kò mọ́ ni? Mo ṣe é tán kí n tó sùn lánàá."

Mo gbójú sókè wo bàbá mi. Mo ti mọ ọ̀rọ̀ tó kàn. Ó ní ẹ̀rí lórí okùn, òwú méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo "Hmm" ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ẹ̀bi, gbólóhùn kan ló máa dá a padà fún ẹni tó ni ín. Èmi tí mo wà nílé ọkọ báyìí, màá sọ ọ́, màá sì tún un sọ ní ọjọ́ kejì. Bàbá mi ní, "Ó mọ́. Ti òjò ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù." Ó ní òun á wá dírọ́ọ̀mù mìíràn kí tirẹ̀ má bàa dín kù mọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, Ìbàfò ló lọ bó ṣe máa ń lọ, kò rí iṣẹ́ bọ̀, ṣùgbọ́n ó yí dírọ́ọ̀mù ògbólógbòó kan wá láti títì pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì dáadáa lọ́rùn. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sọ lọ.

Òjò ọdún náà pọ̀. Ọ̀nà àdúgbò wa di odò, àwọn tó ń lọ Èkó ń gbé bàtà lọ́wọ́ dé títì, dírọ́ọ̀mù méjèèjì wa sì ń kún bò. Ìsàlẹ̀ irun mi kò gbẹ mọ́. Kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo kàn ń rí i pé irun tó wà nínú òòyà ń dín kù, pé Ìyá Sikírù kò sọ fún mi mọ́ pé kí n wolẹ̀. Bí ọlidé ṣe ń lọ sópin, mo ń bá bàbá mi tó dúró níwájú kàlẹ́ńdà ara ògiri.

Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹjọ jẹ́ ọjọ́ ìmọ́tótó àyíká, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ rìn títí di aago mẹ́wàá. Nítorí náà ìyá mi wà nílé ní àárọ̀ Sátidé, ohun tó ṣọ̀wọ́n. Ó gbé àga wá sẹ́yìn ilé, ó jókòó, ó ń wo bàbá mi bó ṣe ń fọ irun mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò tíì rí i rí. Bàbá mi pín in sí mẹ́fà, ó so ó, ó tẹ ìfófòó mọ́ orí mi, ó da omi. Ọwọ́ rẹ̀ kò yá ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Nígbà tó fi ìró tẹ omi kúrò tán, ìyá mi dìde. Ó tú ìdì kan, ó fà á tààrà títí ó fi kọjá èjìká mi, ó fi ṣóńṣó rẹ̀ sáàárín ìka, ó yí i. Ó tú òmíràn. Ó tú gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kò sí èyí tó dún, kò sì sí èyí tó já.

"Kò sí ti bábà mọ́," ó wí. Ó wo bàbá mi. "Ẹ ṣe é dáadáa."

Bàbá mi ní, "Hẹn," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìró náà, bẹ́ẹ̀ ni ó tutù rinrin, kò tíì tó ká.

Mo rò pé ìyá mi wọlé lọ múra ni. Nígbà tó jáde padà, ó ti tú ṣákáàfù orí rẹ̀. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Èkó, mi ò rí orí rẹ̀ láìbò; wíìgì ló ń dé lọ, ṣákáàfù ló ń wé sùn. Irun ìyá mi ti já ní ibi púpọ̀. Lẹ́bàá etí méjèèjì, awọ orí ló hàn. Ó dúró níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè síwájú kíláàsì, ó sì bèèrè bóyá omi òjò ṣì kù nínú garawa. Bàbá mi ní ó kù. Ó fi ọwọ́ nu àpótí tí mo dìde lórí rẹ̀, ìyá mi sì jókòó, ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ lé orúnkún bàbá mi. Bàbá mi ní kí n gbé òrí wá. Ó pín irun náà sí mẹ́fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin, ó fi òrí sí ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan, ó sì ń so ó pẹ̀lú sùúrù. Ó bèèrè bóyá omi kò tutù jù. Ìyá mi ní kò tutù. Ojú rẹ̀ ti pa dé.

Àwọn ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè ní títì nígbà tí Ìyá Sikírù yọjú lórí ògiri. "Ìyá Fúnmi, ẹ ṣì jókòó? Aago mẹ́wàá ti kọjá o, wọ́n ti ń pe èrò Èkó." Bàbá mi dáwọ́ dúró, ó ń retí kó dìde.

Ìyá mi kò la ojú. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ," ó sọ fún bàbá mi. "Ẹ ò tíì dé ẹ̀yìn orí."